Mùsíọ̀mù lórí ilẹ̀ láfà: kí ló ń mú kí ilé bá ilẹ̀ mu?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ yíya àwòrán ilé ni mí, mo wà ní ọdún kẹrin. Wọ́n ní kí á ya mùsíọ̀mù kékeré kan sí ibi tí òkè ayọnáyèéfín ti bú rí, kí ilé náà má sì ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Erékùṣù Lanzarote ti ilẹ̀ Sípéènì ni mo mú. Mo fi òkúta dúdú bo gbogbo ara ilé, mo kun òrùlé ní dúdú, mo sì ṣe é ní ṣóńṣó bí òkè. Olùkọ́ mi wò ó, wọ́n ní ó ṣì dá yàtọ̀. Kí ló kù? Àbí kí n kúkú rì í mọ́lẹ̀ pátápátá?"

Àbúrò mi, o kú làákàyè. Ibi tó dáa lo mú, nítorí n kò mọ ibòmíì tí wọ́n ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ tó Lanzarote. Má tíì rì í mọ́lẹ̀ ná. Àwọ̀ àti ìrísí lo fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ìwà ilẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú: ibi tí omi ń gbà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ibi tí àpáta ti le àti ibi tó ti ṣófo nínú, àti ohun tí ilẹ̀ náà ṣì lè ṣe lọ́la. Ilé tó bá tẹ̀ lé ìwà wọ̀nyẹn á bá ilẹ̀ mu, kódà bí wọ́n kùn ún ní funfun. Ọ̀rọ̀ funfun yẹn lè yà ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n a máa dé ibẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ dúdú. Láfà, ìyẹn àpáta tó yọ́ tó ń ṣàn bí omi kó tó tutù tó sì gan, kò dúdú tó bí ojú wa ṣe ń sọ. Bí o bá gé òkúta básáltì kan, ìyẹn irú àpáta tí láfà ibẹ̀ ń dà bó bá tutù, àwọ̀ eérú lo máa bá nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ pápá láfà di dúdú ni pé gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ góńgó àti kòtò. Góńgó kọ̀ọ̀kan ń ta òjìji sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkójọ òjìji wọ̀nyẹn lojú sì ń rí gẹ́gẹ́ bí dúdú. Gé òkúta kan náà ní pẹlẹbẹ, tò ó sára ògiri gbọọrọ, oòrùn á máa tàn lára rẹ̀, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á sì rí i ketekete. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé tìrẹ nìyẹn. Òkúta ibẹ̀ lo lò lóòótọ́, àmọ́ o gba òjìji lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí ògiri wọnú ilẹ̀, fi òkúta sílẹ̀ ní gbàgìdìgbagidi bó ṣe wà, jẹ́ kí àlàfo àárín wọn jìn, kí o sì ti fèrèsé sẹ́yìn sínú ògiri kí òjìji lè bò ó.

Ti ọ̀dà dúdú tún burú ju ìyẹn lọ. Lára ilẹ̀ láfà Lanzarote, wàá rí pupa níbi tí irin inú àpáta ti dógùn-ún láti ìgbà tó ti gbóná, wàá rí àwọ̀ ilẹ̀, wàá sì rí ohun híhù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ òkúta ní apá tí ìrì òkun ń fẹ́ sí. Ọ̀dà kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ní ojúmọmọ ó máa dà bí ihò nínú àwòrán, ooru oòrùn ni yóò máa gbà sínú ilé ní gbogbo ọ̀sán, ọdún díẹ̀ sí i, á ti ṣá.

Wàyí o, ẹni tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni César Manrique. Ọmọ bíbí Arrecife ní Lanzarote ni, wọ́n bí i ní 1919. Oníṣẹ́ ọnà ni, ó gbé ní Madrid, ó gbé ní New York, kó tó padà wálé ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kan sí Tahíche, sórí láfà tó ṣàn jáde nígbà tí ilẹ̀ erékùṣù náà ń bú láti 1730 títí di 1736. Láfà yẹn bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo erékùṣù náà. Wọ́n sọ pé orí igi ọ̀pọ̀tọ́ tútù kan tó yọ jáde láti inú àpáta dúdú ló kọ́kọ́ rí. Nígbà tó wò ó dáadáa, ó rí i pé inú kòtò ńlá kan ni igi náà ti hù. Gáàsì ló fẹ̀ láfà náà nígbà tó ṣì rọ̀, tó fi ṣófo nínú. Kòtò bẹ́ẹ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó gbẹ́ ọ̀nà tóóró láti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ó sọ wọ́n di yàrá ìsàlẹ̀. Sórí wọn ló wá kọ́ ilé funfun olórùlé pẹrẹsẹ, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ erékùṣù náà ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti 1992 ni wọ́n ti ṣí ilé náà fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí mùsíọ̀mù. Ọdún yẹn kan náà ni Manrique kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀.

Ilé funfun lórí láfà dúdú, kò sì sí ẹni tó dé ibẹ̀ tó máa sọ pé ó dá yàtọ̀. Kí ló fà á? Wo ibi tí ilé àti ilẹ̀ ti pàdé. Nínú yàrá tó fi ṣe ibi iṣẹ́ ọnà rẹ̀, fèrèsé ńlá kan wà tó kọjú sí pápá láfà. Láfà náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá níbẹ̀, gbàgìdìgbagidi bó ṣe rí níta. Gíláàsì náà sọ̀ kalẹ̀ pàdé àpáta, wọ́n sì gé e kó bá góńgó àpáta mu. Kò sí férémù tó pààlà, kò sí pèpéle sìmẹ́ǹtì níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ lè kan òkúta tó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn tó sá fún iná náà. Ojú rẹ kò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Padà sórí àwòrán tìrẹ báyìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà yí ilé rẹ ká, mítà mélòó kan tí katapílà ti tẹ́, tí wọ́n da kọnkéré sí, tí omi òjò ń gbà lọ. Àwa tó ń ya àwòrán ilé kì í kà á sí apá kan ilé, ṣùgbọ́n òun ló ń tú àṣírí. Nílẹ̀ tiwa, bí o bá tẹ́ ilẹ̀, ọdún méjì, koríko ti bò ó. Lórí láfà, ilẹ̀ tí wọ́n bá fọ́ lónìí, àwọn ọmọ ọmọ rẹ máa bá a ní fífọ́. Ohun híhù funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń lọ́ra láti hù débi pé ipa ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò lásán máa ń pẹ́ kó tó parẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi jẹ́ kí àlejò máa rìn kiri bó ṣe wù ú nínú Timanfaya, ọgbà ìpamọ́ ilẹ̀ láfà ní Lanzarote. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wọn gba ojú ọ̀nà kan tó gùn tó kìlómítà 14, tí Jesús Soto, oníṣẹ́ ọnà tó bá Manrique ṣiṣẹ́, ṣe ètò rẹ̀. Ọ̀nà náà ń lọ́, ó ń wọlẹ̀, ó ń yọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kan kò fi ní máa rí ọkọ̀ tó kù. Iṣẹ́ ọ̀nà yẹn, lójú tèmi, kò kéré sí iṣẹ́ ilé kankan ní erékùṣù náà.

Torí náà, kí o tó ya ògiri kan ṣoṣo, ya ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa dúró sí, ibi tí wọ́n máa po kọnkéré, ibi tí ọkọ̀ tó ń kó irin máa gbà wọlé. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí ilé náà fúnra rẹ̀ máa bò, tàbí lórí ojú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ńkọ́? Gbé e jìnnà. Ọkọ̀ ogójì tí gíláàsì wọn ń kọ mànà nínú oòrùn á ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ ju ilé èyíkéyìí lọ.

Ohun kejì ni irú láfà tó wà lórí ilẹ̀ rẹ. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, orúkọ tí àwọn ará Hawaii sì fún wọn ni àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri ayé. Pahoehoe ni èyí tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, tó ká jọ bí okùn. Aa ni èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́ tó sì mú bí abẹ. Inú pahoehoe ni wàá ti bá ihò gígùn àti àwọn kòtò bí ti Tahíche, nítorí òkè rẹ̀ máa ń gan nígbà tí inú ṣì ń ṣàn. Nígbà tí èyí tó wà nínú bá sì ṣàn tán, ó kù kòròfo. Bí ilẹ̀ tí o mú bá jẹ́ aa, má wá yàrá nínú rẹ̀, o ò ní rí i. Orí rẹ̀ ni kí o gbé ilé sí, lórí òpó díẹ̀, kí ilẹ̀ lè wà bó ṣe wà.

Àpẹẹrẹ ihò gígùn náà ni èyí tí Jameos del Agua wà nínú rẹ̀, ní Lanzarote kan náà. Láfà tó ti inú òkè La Corona jáde ló ṣe é. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́fà dé etí òkun, ó sì tún wọ abẹ́ òkun lọ ju kìlómítà kan lọ. Jameo ni wọ́n ń pe ibi tí òrùlé ihò náà ti wó. Manrique àti Soto kò lu ihò tuntun. Ihò tó ti wó fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Lápá kan nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn orin wà. Adágún omi òkun wà nísàlẹ̀, akàn funfun kékeré tí kò ríran sì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má ju owó irin sínú omi, torí irin tó ń dípẹtà lè pa akàn náà. Bí mùsíọ̀mù rẹ bá máa wọnú ihò, kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Kí o sì tó máa pe ilẹ̀ láfà ní ilẹ̀ òfìfo, lọ wo La Geria, agbègbè oko àjàrà ní Lanzarote. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú eérú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde títí wọ́n fi kan ilẹ̀ gidi, wọ́n gbin àjàrà sí i, wọ́n wá to òkúta ní ààbọ̀ òṣùpá sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Eérú náà ń gba ìrì òru, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ gbẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòtò bẹ́ẹ̀ ló wà. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó ba ojú ilẹ̀ jẹ́, nítorí atẹ́gùn àti omi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ògiri ààbọ̀ òṣùpá yẹn máa ṣiṣẹ́ fún ọ ju ṣóńṣó rẹ lọ.

Ó kan ìbéèrè rẹ gan-an: ṣé kí o rì í mọ́lẹ̀? Wo Capelinhos ní erékùṣù Faial, ní Azores ti ilẹ̀ Potogí. Ní oṣù kẹsàn-án 1957, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní etí ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà; ó di oṣù kẹwàá 1958 kó tó rọlẹ̀. Eérú bo oko, ó wó òrùlé, ilẹ̀ tuntun yọ nínú òkun, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ náà padà láti ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ará erékùṣù náà kó lọ sí Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1958 torí wọn. Ilé gogoro oníná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ òkun sọ́nà láti 1903 ṣì dúró, ṣùgbọ́n eérú ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa kọ́ mùsíọ̀mù síbẹ̀, ayàwòrán ilé náà, Nuno Ribeiro Lopes, fi pápá eérú sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì fi gbogbo yàrá sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 2008. Bí o bá dé ibẹ̀, ilé gogoro tó ti wó lápá kan nìkan lo máa rí lórí eérú. O máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, o máa bọ́ sí gbọ̀ngàn roboto kan tí òpó kan ṣoṣo dúró sáàárín rẹ̀, tí orí òpó náà sì ṣí bí agbòjò láti gbé àjà dúró. O máa la ìtàn iná náà kọjá nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà o máa gun inú ilé gogoro yẹn lọ sókè, wàá sì bá ara rẹ lókè, níwájú ilẹ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Rírì mọ́lẹ̀ bá ibẹ̀ mu torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ gan-an nìyẹn: eérú rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bákan náà ni ti Eldheimar ní Heimaey, Iceland, tí wọ́n ṣí ní 2014. Ilé kan tí eérú ọdún 1973 bò ni wọ́n hú jáde, wọ́n sì kọ́ mùsíọ̀mù yí i ká. Bí o bá kàn rì ilé rẹ torí pé ojú ń tì ọ́ láti fi hàn, àlejò á mọ̀ ọ́n lára pé inú ihò lásán lòun wà.

Ní ti ṣóńṣó, Vulcania wà ní Auvergne, nílẹ̀ Faransé. Hans Hollein, ọmọ Austria, ló yà á, wọ́n sì ṣí i ní 2002. Ó gbẹ́ àwọn yàrá wọnú básáltì, èyí sì dára púpọ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ sínú àpáta yẹn ṣì ń mú mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ṣóńṣó kan dúró lókè, òkúta láfà lóde, irin aláwọ̀ wúrà nínú. Òkè ayọnáyèéfín gidi bí ọgọ́rin ló tò sí agbègbè yẹn. Ṣóńṣó tí ènìyàn ṣe láàárín wọn kò lè ga tó, kò sì lè gbó tó. Bí o bá ṣe òkè kékeré síwájú òkè ńlá, ńṣe lò ń bá a díje, ìwọ ló sì máa pàdánù.

Bí o bá wá pinnu láti wọlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí, gáàsì ni kó kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù. Carbon dioxide tó ń tinú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, kì í sì í rùn. Ní Heimaey ní 1973, iná náà kò pa ẹnikẹ́ni. Gáàsì tó kó jọ sísàlẹ̀ ilé ló pa ẹnì kan ṣoṣo tó kú. Nítòsí wa ní Cameroon, gáàsì yìí kan náà ló jáde láti inú adágún Nyos ní oṣù kẹjọ 1986, tó ṣàn gba àfonífojì lọ, tó sì pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn. Torí náà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kò gbọ́dọ̀ wà ní àjà nìkan, ó gbọ́dọ̀ wà ní ìpele ilẹ̀ yàrá pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sì wà níbi tó rẹlẹ̀ jù. Omi ló tẹ̀ lé e. Láfà máa ń jẹ́ kí òjò ṣàn wọlẹ̀ wàrà, ṣùgbọ́n eérú àtijọ́ tó ti di amọ̀ lábẹ́ rẹ̀ á dá omi náà dúró, ògiri rẹ á wá máa làágùn sára ohun tí o kó síbẹ̀. Má bá omi jà. Fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àpáta àti yàrá, kí omi máa gba àlàfo náà lọ. Irin ńkọ́? Iyọ̀ òkun àti gáàsì olóró máa ń jẹ ẹ́ kíákíá, nítorí náà má fi irin tó ṣe pàtàkì pamọ́ síbi tí ojú kò lè tó láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í sábà béèrè, mo sì fẹ́ kí o béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ. Ní erékùṣù Fogo, Cape Verde, inú kòtò ńlá Chã das Caldeiras, àwọn ayàwòrán ilé OTO kọ́ ilé fún ọgbà ìpamọ́ ibẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013. Ilé tó rẹwà ni: ògiri gígùn tó rọra ń tẹ̀ lé ọ̀nà, àwọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, tí o bá wò ó láti òkè, ilẹ̀ ló jọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 2014, òkè náà bú. Láfà gbé ìletò Portela àti Bangaeira mì, ó sì gbé ilé náà mì pẹ̀lú. Kò tíì pé ọdún méjì. N kò dá àwọn tó yà á lẹ́bi. Àwọn ará Chã fúnra wọn padà lọ kọ́lé sórí láfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gan, torí ibẹ̀ ni oko àjàrà wọn wà. Ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí láfà máa gbà bó bá tún jáde. Gba máàpù ewu ilẹ̀ náà, kí o sì wo ibi tó rẹlẹ̀. Bí ibi tí o mú bá wà lójú ọ̀nà iná, yálà kí o kúrò níbẹ̀, tàbí kí o kọ́ ohun tó ṣeé tú palẹ̀ kíákíá, kí ohun tí kò ní àfidípò má sì sùn síbẹ̀ rárá.

Ìyókù kò pọ̀. Òrùlé rẹ ni ojú àkọ́kọ́ ilé náà, nítorí láti orí òkè ni àwọn ènìyàn á ti máa wò ó. Má kó ẹ̀rọ amúlétutù, táǹkì omi àti sólà síbẹ̀ láìbò wọ́n. Iná alẹ́ ni kí o dín kù gan-an. Ní Heimaey, àwọn ọmọ ẹyẹ òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fò máa ń ṣi iná ìlú mú fún ìmọ́lẹ̀ orí òkun, wọ́n á já sójú títì, àwọn ọmọdé á sì máa ṣà wọ́n láàárín òru kí wọ́n lè gbé wọn lọ jù sókè létí omi lówùúrọ̀. Ní Azores náà, irú ètò ìgbàlà bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọọdún fún ẹyẹ tiwọn. Iná tó bá pọn dandan, jẹ́ kó rẹlẹ̀, kó sì dojú kọ ilẹ̀.

Ní báyìí, fi àwòrán iwájú ilé sílẹ̀, mo mọ̀ pé òun lo fẹ́ràn jù. Ya èyí tó gé ilé àti ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n 1:50. Fi ọfà kan hàn fún omi, ọ̀kan fún gáàsì, ọ̀kan fún atẹ́gùn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ àlejò. Lẹ́yìn náà, mú ibi kan ṣoṣo tí ògiri ti pàdé láfà, ya á ní ìwọ̀n 1:5, òkúta kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, láìsí pèpéle. Mú méjèèjì lọ fún olùkọ́ rẹ kí o tó tún ṣóńṣó yẹn yà. Bí o bá fi ránṣẹ́ sí mi náà, màá wò ó.